Òkùnkùn Tí A Ní ní Mowe

Ẹni tó kó dé Mowe láàárín ọdún mẹ́wàá sí àsìkò yìí kò lè mọ irú òkùnkùn tí mò ń wí. Ní 2004 tí mo kó kúrò ní Mushin, irú wa pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: olùkọ́, awakọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó fi owó àjọ ra ààbọ̀ pọ́ọ̀tì ilẹ̀, tí wọ́n kọ́ yàrá méjì, tí wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Owó ilé Èkó ló lé wa jáde. Ní àdúgbò wa, kò sí fẹ́ǹsì, kò sí gọ́tà, òpó iná kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bí oòrùn bá ti wọ̀, làńtánì ni. Nígbà tó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án, èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, àfi bí òṣùpá bá yọ. Bí a bá jókòó síta, ohun tí a kò ní la máa ń kà fún ara wa: omi ẹ̀rọ, ọ̀nà tó dáa, iná. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ka òkùnkùn mọ́ ohun tí a ní, bẹ́ẹ̀ òun gan-an la ní tí Èkó kò ní.

Físíìsì ni mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá kọjá níwájú oòrùn. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà òjìji rẹ̀ gan-an, ní Ghana, Togo àti Benin, títí dé apá kan àríwá Nàìjíríà, rí i tí ojúmọ́ di òru. Tiwa kò ṣú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùpá bo èyí tó pọ̀ jù lára oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà rẹ̀ wálẹ̀, ara gbogbo wa sì ṣe gìrì. Mo ti lu ihò kékeré sára páálí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìtànṣán gba ibẹ̀ bọ́ sórí ìwé funfun, àwọn ọmọ sì rí oòrùn tó ti kù tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù tuntun. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè wọn kò tán mọ́. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú kíláàsì ló bi mí pé, "Sà, kí ló wà lẹ́yìn àwọn ìràwọ̀?" Mo sọ ohun tí ìwé wí fún un. Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo gbójú sókè, ìbéèrè náà sì di tèmi.

Ohun kan wà ní sánmà Mowe nígbà náà tí mi ò fojú rí rí ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé Mushin. Ọ̀wọ́ ìmọ́lẹ̀ funfun kan ni, ó gba ìbú sánmà kọjá láti etí kan dé èkejì, ó fẹ̀ níbì kan, ó la sí méjì níbòmíràn. Gálásì tiwa nìyẹn, Milky Way, àgbájọ ìràwọ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù lọ, tí oòrùn wa jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Gbogbo ìràwọ̀ tí a ń fi ojú lásán rí lọ́kọ̀ọ̀kan, inú gálásì yìí ni wọ́n wà. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn wà lẹ́yìn wọn: àwọn gálásì mìíràn, àìlóǹkà, tí wọ́n jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ìràwọ̀ wọn kì í ju àbàwọ́n eérú lọ tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa. Mo pinnu pé màá wá wọn, láti ẹ̀yìnkùlé mi, láìlọ ibì kankan.

Awò awọ̀nàjíjìn tí mo rí ní Èkó nígbà náà, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Mo wá kà nípa John Dobson, ẹni tó ti jẹ́ mọ́ńkì rí ní San Francisco, tó ń fi pákó àti páálí àjùnù ṣe awò ńláńlá, tó sì máa ń gbé e sẹ́bàá títì kí ẹni tó ń kọjá lè wo òṣùpá láìsan kọ́bọ̀. Awò tirẹ̀ kò ní ẹ̀rọ kankan. Dígí kan wà ní ìsàlẹ̀ páìpù, dígí kékeré kan wà lókè, gbogbo rẹ̀ jókòó sínú àpótí pákó tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham ló ra dígí náà fún mi, ínǹṣì 8 ní fífẹ̀. Ó fi súwẹ́tà méjì wé e sínú báàgì rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wálé ṣọdún Kérésì. Páìpù rẹ̀, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń rì mọ́lẹ̀ fún omi ìdọ̀tí ni. Kápẹ́ńtà kan lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà ló bá mi gé púláwúùdù. Ó wo àwòrán tí mo yà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe ìbọn lẹ ní ká máa kàn báyìí?"

"Rárá o, ọ̀gá. Ìràwọ̀ ni màá fi wò."

"Ìràwọ̀ tí gbogbo wa ń rí lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Òun ló dábàá pé ká gé ike pẹlẹbẹ láti ara ìdérí kúlà tó ti bàjẹ́, ká kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, kí ó lè máa yọ̀ bí mo bá tì í, kó sì dúró níbi tí mo bá fi í sí. Mo ti kà á nínú ìwé pé ike tó ń yọ̀ ni Dobson fúnra rẹ̀ ń lò. Ọ̀gá kápẹ́ńtà kò kà á níbì kankan, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Dígí ínǹṣì 8 yẹn ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ju ìlọ́po 800 ohun tí ihò ojú èèyàn lè gbà lóru. Bí mo bá fi ojú awò, ìyẹn dígí kékeré tí a ń gbé ojú sí, tó jẹ́ ti mílímítà 25 sí i, ó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 48, ìyẹn sì tó fún ohun tí mò ń wá.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni sánmà wa dára fún irú iṣẹ́ yìí. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ìkùukùu ni lálaalẹ́. Bí ọyẹ́ bá sì ti wọlé ní oṣù Kejìlá, eruku aṣálẹ̀ á gba ojú sánmà, ìràwọ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ á sì máa ta padà lára eruku náà. Àárín òjò àti ọyẹ́ ni tèmi, oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá, àti ìbẹ̀rẹ̀ òjò tuntun ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, nígbà tí àrọ̀dá òjò bá fọ gbogbo eruku wálẹ̀. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ á súnmọ́lé.

Gálásì tó súnmọ́ wa jù nínú àwọn ńlá, Andromeda, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní M31, ni mo kọ́kọ́ wá. Ní oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, ó máa ń wà lókè àríwá, ó ju ìdajì ọ̀nà láti ilẹ̀ dé àtàrí lọ. Èèyàn á kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ mẹ́rin tó ya igun mẹ́rin ńlá, á mú èyí tó wà ní igun àríwá ìlà-oòrùn, á kọjá sí ìràwọ̀ kejì lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ Mirach, á wá yà gba ọ̀nà ìràwọ̀ kékeré méjì. Ibẹ̀ ló wà. Abd al-Rahman al-Sufi, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Páṣíà, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 964 pé ìkùukùu kékeré kan wà lójú ibẹ̀. Ojú lásán ló fi rí i. Ní Mowe ọdún yẹn, èmi náà fi ojú lásán rí i kí n tó dojú awò kọ ọ́, mo sì dúró pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ wo inú awò, nítorí mo fẹ́ gbà gbọ́ dáadáa pé ohun tí mo rí wà níbẹ̀.

Nínú awò, àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yípo ṣùgbọ́n ó gùn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí tí mi ò fi lè sọ ibi tó parí sí. Ó tóbi ju ohun tí awò lè gbà lẹ́ẹ̀kan lọ. Ní sánmà tó dúdú, gígùn rẹ̀ tó òṣùpá mẹ́fà tí a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú mi lálẹ́ yẹn ti gbéra ní nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, mi ò mira.

Bàbá kan wà tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru. Ọdẹ ni wọ́n láti ìlú wọn wá, ṣakabùlà wọn kì í kúrò léjìká. Alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá mi nídìí awò, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Tíṣà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa tọ́ọ̀ṣì."

"Kí lẹ dojú ẹ̀ kọ òkè yẹn?"

Mo ní kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n gbé ìbọn ti ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ojú kan sí i, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe Andromeda ló wà níbẹ̀ lálẹ́ yẹn. Mo ti yí awò sí èkejì rẹ̀ tó kéré, tó wà lẹ́bàá rẹ̀, M110, tí èmi fúnra mi ń rí lẹ́ẹ̀kan tí n kì í rí lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé wọn ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n ní, "Mo rí i. Ó rí bí èémí èèyàn lára dígí." Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe tètè rí i. Wọ́n ní, "Ọdẹ kì í tẹjú mọ́ ẹran lóru. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ó lọ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ máa wò, òun fúnra rẹ̀ á yọ sí yín."

Ìwé sọ bẹ́ẹ̀ náà, ó tilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Àárín ẹ̀yìn ojú wa ló ń rí àwọ̀ àti nǹkan wínníwínní lọ́sàn-án, àmọ́ ibi tó yí i ká ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó rẹ̀ jù lóru, ó sì ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n nínú òkùnkùn kí ibẹ̀ tó jí dáadáa. Tọ́ọ̀ṣì ẹyọ kan tó lè pa gbogbo ìdúró náà rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá ọdẹ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kí n fi ojú sí ẹ̀gbẹ́, kí n má kánjú, kí n mí dáadáa, kí n sì fi ìka lu páìpù awò jẹ́jẹ́, nítorí ohun tó bá mira ni ojú ń tètè rí nínú òkùnkùn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ilé wa, wọ́n á ti pa tọ́ọ̀ṣì láti ìkóríta.

Ibi tí a wà láyé yìí, ẹ̀bùn ni fún ẹni tó ń wá gálásì. Ìwọ̀n bíi méje péré ni Mowe fi jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà sánmà àríwá àti ti gúúsù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa lódindi. Ní alẹ́ oṣù Kọkànlá kan náà tí Andromeda wà lápá àríwá, bí mo bá yíjú sí gúúsù, tí mo rí ìràwọ̀ Diphda, tí mo sì sọ awò kalẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, NGC 253 ló wà níbẹ̀: gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ sí wa. Ó jìnnà tó mílíọ̀nù 11 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín mílíọ̀nù 11 ọdún. Caroline Herschel ló kọ́kọ́ rí i, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1783, nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, William, ń gbé ní Datchet nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀, gálásì náà kì í ga ju ìwọ̀n 13 lọ sókè ilẹ̀, àárín igi àti òrùlé ilé. Tiwa ń ga dé nǹkan bí 58. Mo pe àwọn ọmọ kíláàsì mi wá wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú àṣẹ àwọn òbí wọn. Nígbà tí mo sọ ìtàn Caroline fún wọn, ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú ní, "Sà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun ò kọ́kọ́ rí i?" Mo ní rárá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Ó padà sídìí awò, ó tún wò ó.

Iná wá dé. Kì í ṣe pé ẹnìkan gbé e wá fún wa. Ẹgbẹ́ onílé dá owó jọ, a ra òpó, a ra wáyà, a ra tiransifọ́mà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tan án, ọmọdé àtàgbà jáde sójú títì, mo sì bá wọn jó. Ọmọ mi lè kàwé lálẹ́. Ìyàwó mi lè tọ́jú ẹja sínú fíríìjì. Mi ò lè rò ó láé pé kí iná má wá. Àmọ́ Mowe ń kún. Ilé epo ń pọ̀ sí i lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn àgọ́ àdúrà ńlá ń gbòòrò, olúkúlùkù ń gbé iná funfun tó le kọ́ sí igun fẹ́ǹsì nítorí olè. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ Èkó náà ń ga sí i lápá gúúsù lọ́dọọdún, títí tó fi di pé sánmà apá ibẹ̀ kì í dúdú mọ́ rárá, pípọ́n ló ń pọ́n. Gálásì kékeré tó ń tẹ̀lé tiwa, Large Magellanic Cloud, kì í ga ju ìwọ̀n 13 lọ lọ́dọ̀ wa, gúúsù gan-an ló sì wà. Láti Mowe, inú ìmọ́lẹ̀ Èkó ló rì sí.

Ọ̀wọ́ funfun àárín sánmà yẹn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mi ò fi rí i mọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí mo lè tọ́ka sí pé ọjọ́ náà ló lọ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ òru gbogbo ayé kéde pé ó ju ìdá mẹ́ta kan lọ nínú ọmọ aráyé tí kò lè rí Milky Way mọ́ láti ibi tí wọ́n ń gbé. Mo kà á lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì ní Ibafo, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì dùn mí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹbí rẹ̀ mọ́ àwọn tó sọnù.

Iná kì í pa gálásì. Bí èèyàn bá fi ẹfun kọ̀wé sára ògiri funfun, ìwé náà wà níbẹ̀, ojú ni kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni sánmà tó mọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe sí ohun tó rẹ̀. Ìràwọ̀ lè fara dà á torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kóra jọ sójú kan. Gálásì kò lè fara dà á torí tirẹ̀ tẹ́ kálẹ̀. Ìdí nìyí tí M33, tó jẹ́ ará ilé Andromeda, fi jẹ́ pé mi ò rí i láti Mowe mọ́, bó tilẹ̀ tóbi, nígbà tí mo rí i wẹ́rẹ́ ní Ṣakí, ìlú ìyá mi, pẹ̀lú awò kékeré olójú méjì. Ní Mowe, mo wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń wá èyí tó kéré tó sì le. Mo máa ń da ìborùn dúdú ìyàwó mi borí kí iná ilé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ má bàa ta sí mi lójú. Mo máa ń dúró kí gálásì dé ibi tó ga jù kí n tó wá a, kí n lè kúrò nínú èéfín àti ìmọ́lẹ̀ etí ilẹ̀. Mo máa ń dúró di ìgbà tí àwọn jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́ lẹ́yìn agogo méjìlá. Mo sì máa ń mú un tóbi sí i, ìlọ́po 120, nítorí bí awò bá ti ń mú nǹkan tóbi ni ẹ̀yìn sánmà ń dúdú sí i, gálásì tó kéré á sì yọ jáde nínú rẹ̀.

Ìgbà tí iná bá lọ ni mo máa ń sáré. Gbogbo èèyàn á ṣe "Háà!" láti inú ilé wọn, èmi á ti wà lẹ́yìnkùlé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfẹ́ òkùnkùn ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi òkùnkùn iná tó lọ ṣe ohun tó tóbi jù lọ ni Walter Baade. Ọmọ Jámánì ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè Mount Wilson lẹ́bàá Los Angeles nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Awò ínǹṣì 100 ló wà níbẹ̀, èyí kan náà tí Edwin Hubble fi rí ìràwọ̀ kan nínú Andromeda ní oṣù Kẹwàá 1923, ìràwọ̀ tó fi hàn pé Andromeda jìnnà gan-an sí Milky Way, pé gálásì ni lóòótọ́. Los Angeles ti wá mọ́lẹ̀ jù fún un. Lásìkò ogun, wọ́n pa iná ìlú náà lóru nítorí ìbẹ̀rù ọ̀tá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Baade ti lọ síṣẹ́ ogun. Òun, nítorí pé ọmọ ìlú ọ̀tá ni, kò lè bá wọn lọ, awò ńlá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀ nìkan. Ní 1943, nínú òkùnkùn yẹn, ó ya àwòrán àárín Andromeda, ó sì rí ìràwọ̀ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí. Láti ibẹ̀ ló ti fi yé ayé pé ẹ̀yà méjì ni ìràwọ̀, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn arúgbó, ìmọ̀ náà ló sì jẹ́ kó fi hàn ní 1952 pé Andromeda jìnnà tó ìlọ́po méjì ohun tí Hubble ṣírò. Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ kíláàsì. Àwọn ọmọ tó mọ ohun tí kí iná lọ túmọ̀ sí ni wọ́n ń gbọ́ ọ dáadáa.

Òkùnkùn tó tóbi jù tí mo rí ní Mowe lẹ́yìn tí iná dé ni ti 2020. Ìsémọ́lé Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ọ̀nà márosẹ̀ tí kì í sùn dákẹ́. Àwọn àgọ́ àdúrà kò ṣe ìsọ́-òru mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú kò kọjá. Òjò tuntun ti fọ eruku. Nígbà tó yá, ìbẹ̀rù àwọn ọ̀dọ́ adigunjalè gba àwọn àdúgbò kan ní Èkó àti Ògùn, àwọn ọkùnrin sì ń jáde ṣọ́ títì lóru, wọ́n ń dáná táyà. Ní àdúgbò tiwa, a pín ara wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Èmi gbé awò mi jáde síwájú ilé, mo sì bẹ̀ wọ́n kí a gbé iná táyà lọ sí ìkóríta lọ́hùn-ún.

Òṣùpá ti ń kú lọ; àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa ń retí oṣù Ramadan, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá òru, àgbájọ gálásì tí wọ́n ń pè ní Virgo ló wà lókè orí wa gan-an. Mo ń wá méjì nínú wọn, M84 àti M86. Mo rí méjèèjì pa pọ̀ nínú awò kan náà, àbàwọ́n roboto méjì, mo sì rọra tì í sí ìlà-oòrùn, òmíràn tún yọ, òmíràn tún yọ lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú ilé mi, nínú ìlú tó ti mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni mo ti ń ka gálásì bí ẹní ka ilé lójú títì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jìnnà sí wa ju mílíọ̀nù 50 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀ síwájú wọn ni M87 wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 2019, nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, àwọn onímọ̀ tó so awò rédíò mẹ́jọ pọ̀ káàkiri ayé ti fi àwòrán àárín rẹ̀ hàn: òrùka iná tó yí ihò dúdú kan ká, tí ìwúwo rẹ̀ tó oòrùn bílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀. Gbogbo àdúgbò ti rí àwòrán yẹn lórí WhatsApp.

Mo dojú awò kọ M87, mo sì pe Alájì tó ń gbé òdìkejì títì. Wọ́n gbé kùmọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n wo inú awò.

"Èyí tó ṣe bí òwú yìí?"

"Òun ni, Alájì. Ihò dúdú inú àwòrán yẹn, àárín rẹ̀ ló wà."

"Láti ibí yìí? Láti Mowe?"

Wọ́n pe ọmọ wọn ọkùnrin. Ọmọ náà pe àwọn yòókù. Wọ́n tò sí ẹ̀yìn ara wọn, wọ́n jìnnà síra bí ìjọba ṣe wí, mo sì ń nu ojú awò lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo fi M104 hàn wọ́n tẹ̀lé e, mílíọ̀nù 30 ọdún ìmọ́lẹ̀, ó gùn pẹlẹbẹ, àárín rẹ̀ yọ gọnbu. Àwọn kan rí i, àwọn kan ní àwọn ò rí nǹkan kan. Àwọn tí kò rí i ni mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá ọdẹ fún, tí wọ́n ti padà sí ìlú wọn nígbà náà: kí wọ́n má tẹjú mọ́ ọn.

Nígbà tí ìsémọ́lé parí, ọkọ̀ padà, iná padà. Mowe tòní mọ́lẹ̀ ju ti 2019 lọ, nítorí iná sólà ti dé gbogbo ojú títì, funfun báláú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń tan sókè àti sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ṣe ń tan sílẹ̀. Èyí ni mi ò gbà. Ìmọ́lẹ̀ tó lọ sókè kò fi olè hàn ẹnikẹ́ni, kò jẹ́ kí ẹni tó ń rìn rí kòtò, owó rẹ̀ sì ti lọ. Iná tó ní ìdérí, tó dojú kọ ilẹ̀, ń tan ọ̀nà dáadáa jù, nítorí kì í ta sí èèyàn lójú. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ kí títì ṣókùnkùn kí olè lè wọlé. Alájì ló dìde tì mí lẹ́yìn. Wọ́n ní kí a fi ẹyọ kan dán an wò, èyí tó wà níwájú ilé àwọn.

Ọmọ wẹ́dà kan gé páànù, ó tẹ̀ ẹ́, ó so ó mọ́ iná náà lókè. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo èèyàn rí i bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé mi sì tún ṣú. Ní oṣù Kọkànlá tó tẹ̀lé e, mo rí M110 láti ibẹ̀, ohun tó ti tó ọdún mélòó kan tí mi ò rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti kọ iye páànù tí àwọn iná yòókù máa gbà sílẹ̀, a sì ti ń dá owó rẹ̀ jọ lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan, kí wẹ́dà lè parí rẹ̀ kí òjò oṣù Kẹta tó bẹ̀rẹ̀.